Àgbo dóńgóyárò: oore rẹ̀ àti ewu rẹ̀



Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí igi kan tí gbogbo wa mọ̀. Igi náà ni dóńgóyárò. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ó wà ní ọjà. Ó wà ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́. Bí ara bá gbóná, ewé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń já láti fi se àgbo.

Ǹjẹ́ àgbo yìí dára? Ǹjẹ́ ó léwu? Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ.

1. Ìtàn Ìdòwú

Ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì. Lẹ́yìn àwọn ìbejì, ó bí Ìdòwú. Ìdòwú ti pé ọmọ ọdún méjì. Ọkọ Ìyá Ìbejì kò sí nílé. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ìyá Ìbejì àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé.

Ìgbà òjò ni. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ara Ìdòwú gbóná. Kò jẹun. Ó ń sunkún ṣáá. Ìyá Ìbejì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé:

— Ìyá, ara ọmọ yìí gbóná o. Ṣé kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ilẹ̀ bá mọ́?

Ìyá àgbà fi ọwọ́ kan orí ọmọ náà. Ó ní:

— Ibà lásán ni. Àgbo dóńgóyárò ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Lọ já ewé wá.

Wọ́n se ewé náà títí omi rẹ̀ fi dúdú. Wọ́n fi wẹ ọmọ náà. Wọ́n sì fún un ní ife kékeré kan mu. Ọmọ náà làágùn. Ara rẹ̀ tutù díẹ̀. Inú gbogbo ilé dùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara náà tún gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà ronú. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà máa ń sọ: « Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. » Ó fi ewé ìbẹ́pẹ àti egbò igi mìíràn kún un. Wọ́n fún Ìdòwú mu ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bì í. Wọ́n ní àìsàn ni ó ń jáde lára rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Rírú, Ìdòwú kò lè jókòó mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Kí oòrùn tó mú, gìrì gbé e. Ìyá Ìbejì kígbe. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé òun àti ọmọ sórí alùpùpù, ó sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Kìlómítà 7 ni ọ̀nà náà. Ìyá àgbà wá zémidjan kan, ó tẹ̀ lé wọn.

Dókítà bi ìyá ọmọ pé:

— Kí ni ẹ ti fún ọmọ yìí mu?

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò bú òun. Ó ní:

— Kò sí nǹkan kan.

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìyá àgbà wọlé. Ó mú ìgò kan jáde láti abẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní:

— Dókítà, èmi ni mo se é. Èyí ni ọmọ ń mu láti alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹ má bú ìyá rẹ̀. Ẹ gba ọmọ mi là.

Dókítà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní:

— Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ yín yóò ràn wá lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí ná. A ó ka òpin ìtàn náà níwájú. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo igi náà fúnra rẹ̀.

2. Igi wo ni dóńgóyárò?

Dóńgóyárò kì í ṣe igi ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà àti agbègbè rẹ̀ ni ó ti wá. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé e dé apá ọ̀dọ̀ wa. Ó fẹ́ràn oòrùn. Kò bẹ̀rù ọ̀dá. Ìdí nìyí tí ó fi tàn kálẹ̀ kíákíá.

Orúkọ náà wá láti inú èdè Haúsá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni « ọmọkùnrin gíga ». Àwọn Fọ̀n ń pè é ní igi kíníní, nítorí pé ó korò bíi kíníní. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Kì í ṣe ara igi yìí ni wọ́n ti ń yọ kíníní. Igi tí ó ní kíníní wà ní orí àwọn òkè ńlá ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ohun méjì lè korò bákan náà, kí iṣẹ́ wọn má sì rí bákan náà.

3. Oore dóńgóyárò

Igi yìí ní oore púpọ̀. A kò gbọdọ̀ gé e lulẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ òní.

Ní ilé, òjìji rẹ̀ tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀ka rẹ̀ kékeré rin ẹnu. Àwọn mìíràn ń fi omi ewé rẹ̀ wẹ ara tí ó ń yún wọn.

Ní oko, ó ń bá wa lé kòkòrò. Kóró rẹ̀ ni ó lágbára jù. Ẹ wo bí a ti ń ṣe é fún oko ẹ̀wà:

— Ẹ ṣa èso tí ó ti pọ́n tí ó sì ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ bó ara rẹ̀ kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ sá a sí abẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bu.
— Ẹ pa á, kí ẹ sì yọ kóró inú rẹ̀. Ẹ gún kóró náà. Odó oúnjẹ kọ́ ni kí ẹ fi gún un.
— Ẹ wọn 500 gíráàmù kóró tí a gún. Ẹ dà á sínú omi lítà 10. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.
— Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé.
— Ẹ fọ́n ọn sí ewé ẹ̀wà ní ìrọ̀lẹ́, lókè àti lábẹ́ ewé. Bí oòrùn bá mú, agbára rẹ̀ yóò dínkù. Bí òjò bá rọ̀, yóò fọ̀ ọ́ lọ.
— Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 7, ẹ tún un ṣe.

Omi yìí kì í ṣe fún mímu. Ẹ má ṣe fi í sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ní oko, a wọn kóró, a wọn omi, a ka ọjọ́. A mọ̀ pé bí a kò bá wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ náà kò ní dára. Ǹjẹ́ a ń wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń se àgbo fún ọmọ?

Ní ti àgbo, òótọ́ ni pé ó lè mú kí ènìyàn làágùn, kí ara sì fúyẹ́. Àwọn onímọ̀ ti fi omi ewé yìí pàdé kòkòrò ibà nínú ìgò, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe kòkòrò náà níbi. Nítorí náà àwọn àgbà wa kò purọ́. Wọ́n rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n inú ìgò kì í ṣe inú ara ènìyàn. Kò tíì sí ẹ̀rí pé àgbo dóńgóyárò lè lé gbogbo kòkòrò ibà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé.

4. Ewu márùn-ún

Ohun tí ó ní agbára láti wo ara sàn ní agbára láti ba ara jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a ka ewu náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ewu kìíní: kò ní òṣùwọ̀n. Ìkúnwọ́ ewé tèmi kò dọ́gba pẹ̀lú ìkúnwọ́ tìrẹ. Ewé tuntun àti ewé tí ó ti gbó kò rí bákan náà. Ẹnì kan á se é fún ìgbà díẹ̀. Ẹlòmíràn á se é láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye agbára tí ó wà nínú ife kan.

Ewu kejì: ọmọ kékeré. Ara ọmọdé kò tíì gbó. Ohun tí àgbàlagbà mu tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè da ọmọdé láàmú. Èyí tí ó burú jù ni òróró tí a fún láti inú kóró dóńgóyárò. Ní ọdún 1981, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Màléṣíà kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fún ní òróró yìí mu. Àwọn ọmọ náà bì. Oorun gbé wọn. Mímí wọn yára. Gìrì mú àwọn kan nínú wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi òróró dóńgóyárò sí ẹnu ọmọ láéláé, ì báà ṣe ẹ̀kán kan.

Ewu kẹta: aboyún. Ní Íńdíà, láti ìgbà àtijọ́ ni àwọn kan ti ń lo dóńgóyárò láti dènà oyún. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ẹranko, ó ba oyún jẹ́. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí ó ń wá ọmọ kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì ń lo oògùn dókítà, kí ó ṣọ́ra pẹ̀lú. Ewé yìí lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí oògùn bá fà á, tí àgbo náà sì fà á, ẹni náà lè dákú.

Ewu kẹrin: ohun tí ó wọ inú àgbo. Àwọn kan ń fi sódábì rẹ ewé. Ọtí líle yìí kò yẹ ọmọdé, kò yẹ aboyún, kò sì yẹ ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dùn. Àwọn kan tí ń ta àgbo ní ẹ̀bá ọ̀nà ń lọ oògùn òyìnbó sínú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn ń já ewé ní etí oko òwú. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní ibi púpọ̀, a mọ̀ pé oògùn apakòkòrò ni a ń fọ́n sí òwú. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sí ara igi tí ó wà nítòsí. Sísè kò lè mú un kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgò oògùn apakòkòrò: bí ẹ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ má ṣe rọ àgbo sí i. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, omi àgbo tí ó ti sùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti di ilé kòkòrò àìsàn.

Ewu karùn-ún: àkókò. Èyí ni ewu tí ó tóbi jù. Òun ni ó sì ń pa ọmọ jù. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa.

5. Ibà kì í dúró de ewé tí ó kù

Ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà wọ inú ara. Kòkòrò náà ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ pupa, ó ń jẹ ẹ́, ó ń bí níbẹ̀. Láàrin ọjọ́ méjì, kòkòrò 1 lè di nǹkan bíi 10. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, 10 lè di 100. Bí wọ́n ti ń jáde, wọ́n ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà ni ara máa ń gbóná tí òtútù sì ń mú ènìyàn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti fọ́ púpọ̀, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ á funfun. Bí kòkòrò bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú ọpọlọ, gìrì á gbé e. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ara ọmọdé gbóná títí dé ibi ikú, ó lè má ju ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì lọ.

Àgbo lè mú kí ọmọ làágùn. Ara á tutù. Ṣùgbọ́n kòkòrò ṣì ń bí nínú ẹ̀jẹ̀. Òógùn ń tan ìyá ọmọ jẹ.

Àwọn àgbà ní « Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. » Ọ̀rọ̀ náà dára fún ẹni tí ó ní àyè láti wá ewé. Ọmọ tí ibà ń ṣe kò ní àyè náà. Bí a ti ń wá ewé tí ó kù, ibà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan lè wí pé: « Èmi ti mu àgbo, ara mi sì yá. » Òótọ́ ni. Ẹ rántí pé ara àgbàlagbà tí ibà ti ń ṣe láti kékeré ti kọ́ bí a ti ń bá a jà. Ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò tíì kọ́ ọ. Ara aboyún náà kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Ó lè jẹ́ òtútù àyà. Ó lè jẹ́ etí dídùn. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

6. Ewé tí a wọ̀n di oògùn

Àwọn kan rò pé dókítà kórìíra ewé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú igi àti ewé ni oògùn ibà méjì tí ó lókìkí jù lọ ti wá.

Èkíní ni kíníní. Èèpo igi ni àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ń lò. Ní ọdún 1820, àwọn ará Fáránsè méjì, Pelletier àti Caventou, yọ kíníní kúrò nínú èèpo náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n.

Èkejì wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Obìnrin onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Tu Youyou. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà nínú ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́. Wọ́n se ewé kan tí wọ́n ń pè ní artemisia, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Obìnrin náà tún ìwé àtijọ́ kan kà. Ó rí i pé wọ́n ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a sì fún un. Wọn kò ní kí a sè é. Ó yé e pé iná ni ó ń ba agbára ewé náà jẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn artemisinin. Ní ọdún 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ẹ̀bùn tí ó ga jù fún àwọn onímọ̀.

Oògùn yìí ni ó wà nínú hóró CTA tí wọ́n ń fún wa ní ilé ìwòsàn. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn kí kòkòrò ibà má baà borí rẹ̀. Wọ́n á wọn ọmọ kí wọ́n tó mọ iye hóró tí yóò lò. Ọjọ́ 3 ni a ń lò ó. Bí ara bá yá ní ọjọ́ kejì, a kò gbọdọ̀ dúró. Kòkòrò tí ó ṣẹ́kù á tún bẹ̀rẹ̀ sí bí.

Ǹjẹ́ a lè gbin artemisia fúnra wa kí a máa mu omi rẹ̀? Àjọ ìlera àgbáyé tí à ń pè ní OMS sọ ní ọdún 2019 pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára inú ewé kò dọ́gba. Bí ó bá kéré jù, kò ní pa kòkòrò tán, kòkòrò náà á sì mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, kì í ṣe ìjà láàrin ewé àti hóró. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni.

7. Kí ni kí a ṣe bí ara ọmọ bá gbóná?

— Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wákàtí 24 kọjá. Bí ara bá gbóná ní alẹ́, ẹ lọ ní àárọ̀.
— Ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TDR. Ẹ̀jẹ̀ kán kan láti orí ìka ni. Kò tó ìdajì wákàtí kí ìdáhùn tó jáde.
— Ní ọ̀nà, ẹ máa fún ọmọ ní ọmú. Bí ó ti já lẹ́nu ọmú, ẹ fún un ní omi mímọ́ àti ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó nípọn lára rẹ̀.
— Bí ẹ bá ti fún un ní àgbo, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ewé tí ó wà níbẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tí ó mu ún àti iye ìgbà tí ó mu ún. Bí ìgò rẹ̀ bá wà, ẹ mú un dání. Ojú kò gbọdọ̀ tì yín.
— Ẹ lo oògùn tí wọ́n fún yín tán. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ àgbo.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀:

— gìrì gbé ọmọ;
— ọmọ kò lè mu ọmú tàbí kò lè mu omi;
— gbogbo ohun tí ó mu ni ó ń bì;
— ó ń sùn ṣáá, kò ṣeé jí;
— mímí rẹ̀ yára tàbí ó ń le;
— àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun;
— ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí.

Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kí ó sì pa á. Ẹ fi í dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì sáré.

Àgbàlagbà tí kò lóyún, tí ó sì fẹ́ mu àgbo, kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibà, kí ó lo CTA. Bí kì í bá ṣe ibà, tí ó sì fẹ́ mu àgbo rẹ̀, kí ó já ewé tí ó jìnnà sí oko òwú. Kí ó fọ̀ ọ́. Kí ó se é pẹ̀lú omi mímọ́. Kí ó mu díẹ̀. Kí ó da èyí tí ó ṣẹ́kù nù ní ọjọ́ náà.

Ẹ má gbàgbé pé ìdènà sàn ju ìwòsàn lọ. Ẹ máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn ní òru gbogbo. Ẹ da omi tí ó dúró sí àyíká ilé nù. Kí aboyún lọ gba oògùn ìdènà ibà ní ilé ìwòsàn. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti oṣù kẹrin ọdún 2024, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti wà fún àwọn ọmọdé láti dín ibà kù. Ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́.

8. Òpin ìtàn Ìdòwú

Nítorí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, dókítà mọ̀ pé ọmọ náà ti ń bì láti àná, ó sì ti mu àgbo líle púpọ̀. Ó yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Ṣúgà náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó fún un ní omi ṣúgà sínú iṣan. Gìrì náà dá. TDR fi hàn pé ibà ni. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ ibà, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá fún ẹ̀jẹ̀. Àbúrò ọkọ Ìyá Ìbejì ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n lo ọjọ́ 6 níbẹ̀. Ìdòwú yè. Ìyá kan tí ó dé lẹ́yìn wọn ní ọjọ́ Rírú náà, ọwọ́ òfìfo ni ó gbé padà sílé.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ, Ìyá Ìbejì sọ pé:

— Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àgbo ni. Mo rò pé wọn yóò dá ẹ̀bi fún yín.

Ìyá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní:

— Mo sọ fún ọ pé àgbo ni mo fi tọ́ ọkọ rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo bí mẹ́jọ, mo tọ́ márùn-ún dàgbà. Àwọn mẹ́ta yòókù náà mu àgbo. Ní ìgbà náà, ilé ìwòsàn kò sí nítòsí wa. Ní ìsinsìnyí, ó wà.

Ìyá àgbà kò gé igi dóńgóyárò rẹ̀. Ó ṣì ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń ṣa èso rẹ̀ fún oko ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ ẹnikẹ́ni bá gbóná ní agbo ilé náà, òun ni ó ń kọ́kọ́ sọ pé: « Ẹ gbé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. »

9. Ìbéèrè

Ẹ ka ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ẹgbẹ́ yín:

1. Láti alẹ́ ọjọ́ Ajé sí àárọ̀ ọjọ́ Rírú, nǹkan bíi wákàtí mélòó ni ó kọjá?
2. Kí ni ó mú kí Ìyá Ìbejì purọ́ fún dókítà? Kí ni òtítọ́ ìyá àgbà ṣe fún ọmọ náà?
3. Dárúkọ oore méjì tí dóńgóyárò ń ṣe àti ewu mẹ́ta tí ó wà nínú àgbo rẹ̀.
4. Àwọn ta ni kò gbọdọ̀ mu àgbo dóńgóyárò?
5. Fún omi lítà 10, 500 gíráàmù kóró ni a ń lò. Mélòó ni a ó lò fún omi lítà 20?
6. Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù, kìlómítà mélòó ni? Bí ara ọmọ bá gbóná ní òru, ta ni ó ní alùpùpù ní abúlé yín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín ní òní.

10. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Òṣùwọ̀n: ohun tí a fi ń mọ bí nǹkan ti pọ̀ tó.
Àyẹ̀wò: wíwo ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ láti mọ àìsàn.
TDR: àyẹ̀wò ibà tí ó yára.
CTA: hóró oògùn ibà tí a pa oògùn méjì pọ̀ sínú rẹ̀.
Àjẹsára: abẹ́rẹ́ tí ń kọ́ ara bí yóò ti bá àìsàn jà kí àìsàn tó dé.